Garawa Tó Wà Nínú Àwo Orin

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta ọdún 2017, àbúrò bàbá mi obìnrin ti jẹ́ òpùrọ́ nínú ilé wa fún ọdún méjìdínlógójì. Ọjọ́ náà ló ra ẹ̀rọ àwo orin.

Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé ọ dáadáa. Kò sí ẹni tó ká irọ́ mọ́ ọn lẹ́nu rí. Wọ́n kàn pinnu ni, wọ́n fi ẹ̀rín dì í, ó sì di orúkọ. Àǹtí Garawa. Àwa ọmọ ilé gbọ́ orúkọ náà kí a tó gbọ́ ìtàn rẹ̀.

Ìtàn náà kò gùn. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Àǹtí ṣe ni iṣẹ́ ìmọ́tótó nínú ilé kan tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀. Ó ń gbálẹ̀, ó ń nulẹ̀, ó ń da eérú sìgá àwọn olórin nù. Iná pupa kan wà lókè ilẹ̀kùn yàrá tí wọ́n ti ń kọrin. Bí iná náà bá ti tàn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mira. Lọ́jọ́ kan, iná tàn nígbà tí Àǹtí wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀, tí garawa onírin tó kún fún omi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró gbagidi. Ó dúró títí apá fi ń ro ó. Nígbà tí kò lè gbà á mọ́, ó rọra gbé garawa náà kalẹ̀. Garawa kò dún. Ọwọ́ rẹ̀ ló dún, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń gbé e. Ó bọ́ lọ́wọ́ Àǹtí, ó sì gbá garawa lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ilẹ̀kùn yàrá náà kì í pa dé dáadáa. Nínú lọ́hùn-ún, àwọn onílù àti onígìtá ti dákẹ́ nígbà yẹn gan-an, olórin nìkan ló ń fa ohùn ìparí.

Àǹtí rò pé iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Àmọ́ ọ̀fun olórin náà ti ha. Ó ní òun ò lè kọ ọ́ dáadáa tó bẹ́ẹ̀ mọ́, kí wọ́n jẹ́ kó wà bó ṣe wà. Wọ́n tẹ àwo náà jáde pẹ̀lú garawa nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí àwo náà jáde, Àǹtí sáré gbé ọ̀kan wálé. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni nígbà yẹn. Bàbá mi, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló ni ẹ̀rọ orin tó wà nílé, ẹ̀rọ kan tó tóbi bíi pósí, tó sì ń hó bí epo tó gbóná jù. Bàbá mi fi àwo náà sí i. Orin kọ títí ó fi tán. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́ garawa.

"Níbo ló wà?"

"Ibẹ̀ yẹn náà ni, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un fi."

Wọ́n tún un fi. Ẹ̀rọ hó, olórin kọrin, garawa kò dún.

"Ṣé o rí i," ni bàbá mi wí, "ìwọ wà nínú àwo orin, èmi náà wà nínú òṣùpá. Bó bá di alẹ́, kí ẹ gbójú sókè, ẹ máa rí mi tí mo jókòó síbẹ̀."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ó jọ pé ẹ̀rín náà dùn, nítorí wọn ò jẹ́ kó tán. Láti ọjọ́ náà, bí Àǹtí bá sọ nǹkan kan tí kò bá ẹni tó ń gbọ́ lára mu, ìbéèrè kan náà ni wọ́n á fi dá a lóhùn. Ó ní páànù ẹ̀yìnkùlé ti ń jò. Ṣé bíi ti garawa? Ó ní òun rí ọkùnrin kan tó ń yọjú lójú fèrèsé. Ṣé bíi ti garawa? Òjò wọ ilé lóòótọ́, wọ́n sì jí ẹ̀wù bàbá mi lóòótọ́. Kò sí ẹni tó padà wá sọ pé Àǹtí ti sọ ọ́.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, ibà dá mi dùbúlẹ̀. Ibà lọ. Àǹtí sọ fún àwọn òbí mi pé, "Ọmọ yìí ò fi etí òsì gbọ́ràn mọ́. Ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ẹ pè é, kí ẹ wo ibi tó máa yíjú sí." Bàbá mi bi í bóyá bíi ti garawa ni. Ìgbà tí wọ́n máa gbé mi dé ọ̀dọ̀ dókítà, mo ti wọ ilé ẹ̀kọ́, olùkọ́ ló ní kí wọ́n gbé mi lọ. Dókítà ní ká ní wọ́n ti tètè gbé mi wá ni.

Mi ò sọ èyí kí o lè káàánú mi. Etí ọ̀tún mi dá ṣáṣá. Mo sọ ọ́ kí o lè mọ ohun tí àwàdà kan lè gbà lọ́wọ́ èèyàn.

Àǹtí kò jà. Èyí ni mo kọ́kọ́ kà sí ìwà ojo, mo sì ti wá rí i pé kì í ṣe ojo. Iṣẹ́ ló gbájú mọ́. Nígbà tí ilé àwọn olórin kógbá sílé, ó lọ ń nu ọ́fíìsì, ibẹ̀ ló sì wà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Mo ti wò ó níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti igun tó jìnnà jù sí ẹnu ọ̀nà, á máa fà sẹ́yìn bọ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà tẹ ibi tó ti nù. "Ẹnikẹ́ni lè gbá àárín ilé," ó máa ń sọ bẹ́ẹ̀. "Igun ni wàá wò tí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ilé mọ́." Kì í sọ ọ́ bí òwe. Ó kàn ń sọ ibi tó yẹ kéèyàn wò.

Ẹ̀rọ tó rà lọ́dún 2017 yẹn, tuntun ni. Kò ra àlòkù. Ó ní sípíkà méjì, igi pupa ni ara wọn, gíga wọn dé orúnkún. Bí wọ́n ṣe gbé e wọlé ni bàbá mi gba àkóso.

"Nǹkan tuntun, pálọ̀ ni àyè rẹ̀. Ẹ gbé e wá síbí."

Jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe tò ó, nítorí o lè ti ṣe irú rẹ̀ nílé tìrẹ. Sípíkà kan bọ́ sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n gbé ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ gun sípíkà yẹn lórí, nítorí pé ibẹ̀ ni àlejò á ti kọ́kọ́ rí i. Ìyá mi tẹ́ aṣọ funfun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun sábẹ́ rẹ̀. Sípíkà kejì bọ́ sẹ́yìn àga bàbá mi, wọ́n sì gbé òdòdó oníke lé e. Àga bàbá mi, àga onítìmùtìmù ńlá ni. Bàbá tó bí i ló kọ́kọ́ jókòó lé e. Kò sí ẹni tó ń sún un, kódà ìgbálẹ̀ a máa yà fún un. Nítorí rẹ̀ ni àwa ọmọ fi ń pe bàbá mi ní Bàbá Àga, lẹ́yìn rẹ̀.

Wọn ò yọ náílọ́ọ̀nù. Bí wọ́n ṣe fi náílọ́ọ̀nù wé sípíkà méjèèjì láti ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n ni wọ́n ṣe gbé wọn kalẹ̀.

"Ẹ má ya á o," ni ìyá mi wí. "Ekuru á wọ̀ ọ́."

Ọ̀rẹ́ bàbá mi wà níbẹ̀, dẹ́rẹ́bà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Síkirin nítorí bó ṣe máa ń fi ẹnu dún bíi táyà nígbà tó bá ń sọ ìtàn. Ó mú ẹyọ owó onírin kan jáde lápò, ó gbé e lé orí apá tó gbé abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ náà dání.

"Bí a ṣe ń ṣe é láyé tiwa nìyẹn. Abẹ́rẹ́ ò ní lè fò mọ́. Owó ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, bó ṣe tẹ gbogbo wa mọ́lẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àǹtí yọ àwo náà nínú páálí rẹ̀ tó ti gbó, ó fi í sórí ẹ̀rọ.  Ohùn tó jáde dà bí ohùn ẹni tó fi orí bọ abẹ́ ìrọ̀rí. Ìlù ń wú bọ̀n-ùn bọ̀n-ùn, ọ̀rọ̀ olórin ò já gaara. Wọ́n débi tí ìlù ti dákẹ́. Gbogbo wa na etí. Kò sí nǹkan kan.

Síkirin ló kọ́kọ́ la ẹnu. "Àǹtí, garawa yín ti jò. Omi rẹ̀ ti gbẹ sínú àwo."

"Háà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ o," ni ìyá mi wí, àmọ́ ó ti ń fi etí aṣọ bo ẹnu.

Àǹtí ní, "Ẹ̀rọ yìí ò tíì dún bó ṣe yẹ kó dún ni."

"Ó ń dún, àbí kò dún?" ni bàbá mi dáhùn. "Ó ń dún. Kí ló tún kù?"

Gbólóhùn yìí ni mo kórìíra jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nílé wa. Ó ń dún. Iná ń tàn bẹ́ẹ̀, ilẹ̀kùn ń ṣí bẹ́ẹ̀, ọmọ ń gbọ́ràn bẹ́ẹ̀. Ẹ fọgbọ́n lò ó. Àwọn tó ń sọ ọ́ rò pé ìtẹ́lọ́rùn ni. Ọ̀lẹ ni. Ẹni tó bá sì fẹ́ kí nǹkan dára ju bó ṣe wà lọ, òun ni wọ́n máa ń ní ó ń yọ ilé lẹ́nu.

Àǹtí gbé apá ẹ̀rọ náà sókè, ó pa á. "Ó ń dún lóòótọ́, Bọ̀ọ̀dá," ó wí. "Kò tíì sọ̀rọ̀ ni."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó pè mí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga, mi ò sì níṣẹ́ lọ́wọ́. Ó fún mi ní ìwé pẹlẹbẹ tó bá ẹ̀rọ náà wá.

"Kà á fún mi bó ṣe wà. Má bù ú kù, má sì fi tìrẹ kún un."

Mo kà á. Ó jókòó sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀, ó ń gbọ́. Bí mo bá ka ibì kan tán, á ní kí n dúró, á dìde lọ ṣe ohun tí ibẹ̀ wí, kí n tó tún tẹ̀ síwájú. Náílọ́ọ̀nù ló kọ́kọ́ kàn. Bó ṣe fa àkọ́kọ́ ya, ìyá mi yọ láti ilé ìdáná.

"Àǹtí! Ẹ̀yin! Ó ti di àlòkù nìyẹn!"

"Ìyàwó wa, ta la ń tọ́jú rẹ̀ dè?"

 Ìyá mi dúró ń wo náílọ́ọ̀nù nílẹ̀ bí ẹni tó ń wo awọ ẹran. Lẹ́yìn náà ó ká a, ó gbé e lọ síbi tí ó ń kó náílọ́ọ̀nù sí.

Àǹtí yọ ẹyọ owó kúrò lórí apá ẹ̀rọ. Ìwé náà sọ pé irin roboto kan wà lẹ́yìn apá náà tí wọ́n ń yí síwá sẹ́yìn, pé kí a kọ́kọ́ yí i títí apá náà á fi dúró nínú afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀, kò ní lọ sókè, kò ní wá sílẹ̀, kí a tó wá fi ìwọ̀nba tí abẹ́rẹ́ nílò kún un. Ó yí i. Ó sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí èémí rẹ̀ ń mi apá náà, ló bá pa èémí mọ́ra. Nígbà tó dúró, ó ní, "Ó ti mọ ara rẹ̀ wàyí." Ó gbé ẹyọ owó náà lé ọwọ́ mi. "Fún Síkirin. Sọ fún un pé ó ń fi abẹ́rẹ́ gbẹ́ àwo bí ẹni ń fi ọkọ́ gbẹ́ ebè."

Ó gbé ẹ̀rọ kúrò lórí sípíkà. Sípíkà ń gbọ̀n nígbà tó bá ń dún, abẹ́rẹ́ sì ń gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀. Ó ní ó dà bí ẹni tó fẹ́ kọ lẹ́tà lórí ẹ̀yìn ẹni tó ń jó. Ó ká aṣọ híhun náà, ó dá a padà fún ìyá mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó bu omi díẹ̀ sínú àwo ìjẹun pẹlẹbẹ, ó gbé e sórí tábìlì tó fẹ́ lò. Omi fì sí apá kan. Ó fi páálí kéékèèké tì í nídìí títí omi fi dọ́gba. Ẹni tó ti nu ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún mọ̀ pé kò sí ilẹ̀ tó tẹ́jú bó ṣe ń fi ara hàn lójú, omi ni kéèyàn bi.

Ó wá ku àga.

Ó dúró de bàbá mi títí ó fi ti ìta dé, tó jẹun tán, tó sì ti jókòó.

"Bọ̀ọ̀dá, mo fẹ́ bẹ̀ yín. Sípíkà kan wà lẹ́yìn yín. Ẹ̀yìn àga yín ló ń kọ sí. Bí ẹ bá lè sún díẹ̀ sí apá fèrèsé."

"Sún kí ni?"

"Àga, Bọ̀ọ̀dá."

"Àga yìí? Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú ni àga yìí ti wà níbí."

"Mo mọ̀. Ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì péré ni."

"Kí n wá sún kúrò lójú àyè bàbá mi nítorí garawa!" Ó wo ìyá mi, kí ìyá mi lè bá a rẹ́rìn-ín. Ìyá mi wolẹ̀.

"Kò burú," ni Àǹtí wí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó kó gbogbo rẹ̀ lọ sí yàrá rẹ̀. Ìyá mi tẹ̀ lé e láti pálọ̀ dé yàrá, láti yàrá dé pálọ̀, lọ́wọ́ òfo.

"Àǹtí mi, ẹ rò ó wò. Ta ní ń gbé irú nǹkan báyìí sí yàrá? Àwọn àlejò ò ní rí i mọ́!"

"Kì í ṣe fọ́tò, ìyàwó wa."

Yàrá Àǹtí kéré. Bẹ́ẹ̀dì kan, àpótí aṣọ mẹ́ta, àpótí ìjókòó méjì, okùn kan tó fi ń kọ́ ẹ̀wù, kọ́tìnnì tó wúwo. Pálọ̀ wa kún fún táìlì, ohùn a máa lù ú, á padà lu èèyàn lójú. Ní yàrá Àǹtí, aṣọ ń gba ohùn mọ́ra. Ó gbé sípíkà kọ̀ọ̀kan lé àpótí ìjókòó, ó yà wọ́n síra, ó sì fi ẹfun fa ìlà sílẹ̀ níbi tí wọ́n dúró sí. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í sún wọn. Á fi orin kan sí i, á lọ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, á gbọ́ ọ, á dìde, á sún ọ̀tún díẹ̀, á tún padà jókòó. Ó ń pa ìlà ẹfun rẹ́, ó ń fa òmíràn. Ó fi aṣọ rírọ̀ tó ní omi díẹ̀ nu àwo, ó ń bá ìlà rẹ̀ yí po. "Má gé e kọjá," ó wí fún mi, "bí o ò ṣe ní nu pákó lódì sí ojú rẹ̀."

Ohùn náà ń là. Mo gbọ́ ìka onígìtá tó ń fà lórí okùn. Mo gbọ́ pé elégbè kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo, mẹ́ta ni wọ́n, èyí tó wà láàárín sì ní ikọ́. Nǹkan wọ̀nyí ti wà nínú àwo láti ọjọ́ yìí wá.

Mo ṣàkíyèsí ohun kan. Gbogbo orin tó wà lójú méjèèjì àwo náà ló ń fi dán ẹ̀rọ wò, àfi èyí tí garawa wà nínú rẹ̀. Ó ń fò ó. Mo bi í léèrè.

"Bí mo bá ń wá garawa, garawa ni etí mi á máa gbọ́ níbi gbogbo," ó wí. "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ wá orin. Bí orin bá pé, ohun tó bá wà nínú rẹ̀ á jáde. Ohun tí kò bá sí níbẹ̀ ò ní jáde."

Ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ti jókòó nínú gbọ̀ngàn ẹ̀kọ́ níwájú àwọn tó ní oyè rẹpẹtẹ, tí wọ́n ti mọ èsì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Èmi ò fẹ́ fi wọ́n wé e. Mo kàn fẹ́ kí o mọ irú ẹni tí wọ́n ń pè ní òpùrọ́.

Nígbà tó sọ pé ó ti tó, mo ní kó fi orin náà sí i wàyí.

"Rárá. Bọ̀ọ̀dá mi ló ní irọ́ ni. Òun ló yẹ kó gbọ́ ọ."

"Àǹtí, bí kò bá sí níbẹ̀ ńkọ́?"

Ó ń fi àwo náà sínú páálí rẹ̀. Kò wò mí. "Bí kò bá sí níbẹ̀, a jẹ́ pé gbogbo ọdún wọ̀nyí ni mo ti ń purọ́, tí mi ò mọ̀. Màá sọ bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀. Ẹ ò sì ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi mọ́."

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni bàbá mi gbà láti wá. Síkirin tẹ̀ lé e, nítorí pé Síkirin kì í jẹ́ kí eré kọjá òun. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, mi ò rí i kí bàbá mi wọ yàrá Àǹtí. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó wo ìlà ẹfun.

"Níbo ni kí n jókòó sí?"

Àǹtí fi àárín bẹ́ẹ̀dì hàn án, ibi tí òun fúnra rẹ̀ máa ń jókòó sí, ibi tí ohùn ti ń pàdé. Ó fún un ní àyè tó dára jù nínú yàrá náà. Mo kọ èyí sílẹ̀ nítorí pé èmi ì bá má fún un.

Orin bẹ̀rẹ̀. Síkirin ti ya ẹnu láti sọ nǹkan, ẹnu náà kàn wà ní yíyà bẹ́ẹ̀ ni. Olórin wà nínú yàrá pẹ̀lú wa. A gbọ́ bó ṣe fi èémí sínú kó tó gbé ohùn. Ìlù ń lọ, gìtá ń lọ, wọ́n ń sún mọ́ ibẹ̀. Nítorí pé etí kan ṣoṣo ni mo ní, mo yí orí, mo kọ etí ọ̀tún mi sí sípíkà òsì. Bí mo ṣe yí orí ni mo rí i pé bàbá mi ń wò mí. Ó rí bí mo ṣe ń yí i. Ó gbé ojú kúrò.

Ìlù dákẹ́. Olórin ń fa ohùn, ó ń fà á lọ.

Kín. Kín-kín-kín-kín.

"Yéè!" ni ìyá mi ké láti ẹnu ọ̀nà. "Garawa! Garawa ni!"

"Olúwa mi o," ni Síkirin wí. Ó ti dìde dúró.

Bàbá mi kò dìde. Ó dúró títí orin fi tán. Ó ní, "Irin kan dún. Mi ò sọ pé irin kò dún. Àmọ́ ta ló sọ pé garawa ni? Bó bá tiẹ̀ jẹ́ garawa, ṣé ìwọ nìkan ló ní garawa láyé ni?"

Ìyẹn ni bàbá mi. Mi ò fi nǹkan kan kún un.

 Àǹtí gbé abẹ́rẹ́ padà, ó wá ibi tí ohùn ìparí ti bẹ̀rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀," ó wí.  Ìyá mi fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

Kín. Kín-kín-kín-kín. Lẹ́yìn rẹ̀, lábẹ́ ohùn olórin, láti ọ̀nà jíjìn, láti ibi tí igbe ìyá mi ti bò mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ohùn ọ̀dọ́mọbìnrin kan jáde. Ó kéré, ẹ̀rù sì ń bà á.

"Yéè, ẹ jọ̀ọ́."

Àǹtí fa ọwọ́ sẹ́yìn kúrò lára ẹ̀rọ bí ẹni tí iná jó. "Mi ò mọ̀ pé mo sọ̀rọ̀," ó wí. "Mi ò mọ̀ pé mo sọ̀rọ̀ rárá."

Èèyàn lè ra garawa tó jọ ti ẹlòmíràn. Ohùn yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló ni ín, bàbá mi sì mọ̀ ọ́n kó tó mọ ìwé kà. Ohùn yẹn ló ń pè é ní Bọ̀ọ̀dá láti ìgbà tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe nǹkan. Mo wo ojú rẹ̀. Ó wo ilẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀.

"Tún un fi," ó wí.

Àǹtí ti gbé apá ẹ̀rọ náà sókè. Ó mú àwo, ó fi aṣọ nù ún, ó tì í sínú páálí rẹ̀.

"Ó tó, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ fi í sí i lọ́jọ́ kìíní. Ẹ̀ẹ̀mejì ni èmi náà fi í sí i fún yín."

Bàbá mi kò tọrọ àforíjì. Bí o bá ń retí rẹ̀, ìwé mìíràn ni kí o lọ kà. Ohun tó ṣe ni pé, nígbà tí ọ̀sẹ̀ yípo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú àlejò wá sẹ́nu ọ̀nà Àǹtí. "Ẹ wá gbọ́ àbúrò mi nínú àwo orin. Òun nìyẹn. A ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ pípẹ́." A ti mọ̀ ọ́n! Àǹtí á kí àwọn àlejò dáadáa, á béèrè àlàáfíà ilé wọn, á sì ní, "Bọ̀ọ̀dá, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi," á wá rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Kò sí ẹni tó ń sọ "ṣé bíi ti garawa" mọ́ nílé wa. Síkirin bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo ayé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí táìlì, ó sì tún fi ẹnu dún bíi táyà nígbà tó ń dìde. Àǹtí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, a jí, a rí i pé àga onítìmùtìmù ti sún sí apá fèrèsé. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà tẹ́lẹ̀ funfun lórí táìlì, bí ojú àpá. Ẹnikẹ́ni kò sọ ẹni tó sún un. Àǹtí wò ó, ó mú aṣọ ìnulẹ̀, ó nu ibẹ̀. Kò gbé ẹ̀rọ padà sí pálọ̀.

Nírọ̀lẹ́, mo máa ń gbọ́ ọ láti yàrá rẹ̀, orin mìíràn, kì í ṣe ti garawa. Mo bi í lọ́jọ́ kan bóyá inú ṣì ń bí i sí wọn.

"Inú kẹ̀? Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá orí mi pé ni. Ó pé."

Òun ti dárí jì wọ́n. Èmi kò tíì dárí jì wọ́n, mi ò sì ń kánjú.

Nísinsìnyí, ìwọ. Ẹnì kan wà nílé yín tí ẹ ti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ di ẹ̀rín. O mọ ẹni náà. O mọ àwàdà náà pẹ̀lú, o ti lò ó láìpẹ́ yìí. Pa ìwé yìí dé. Dìde lórí àga rẹ. Lọ sí yàrá rẹ̀, kì í ṣe pé kó wá bá ọ ní pálọ̀, jókòó síbi tó bá fi hàn ọ́, ní kó sọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o sì pa ẹnu rẹ mọ́ títí yóò fi parí.